Pọ́ǹpù aládàáṣiṣẹ́ fún hítà tí omi kò ní agbára tó: oṣù mẹ́jọ tí a ti lò ó ní ilé wa ní Ìlọrin

Ohun tí mo fẹ́ gbé yẹ̀wò níhìn-ín ni ẹ̀rọ kékeré kan tí ń ti omi láti inú tánkì lọ sínú hítà àti ṣáwà, irú èyí tí àwọn tí ń ta ohun èlò omi ní Ìlọrin ń pè ní pọ́ǹpù aládàáṣiṣẹ́. Ìdajì agbára ẹṣin ni agbára rẹ̀, ìyẹn nǹkan bíi wáàtì 370. Ó ní súìṣì tí ń tan ara rẹ̀ tí ó sì ń pa ara rẹ̀, ó ní gééjì kan tí ojú rẹ̀ kò ju ẹnu ife tíì lọ, wọ́n sì so ó mọ́ àgbá irin pupa kan tí ń gba lítà 24. N kò ní dárúkọ ilé iṣẹ́ tí ó ṣe é, nítorí pé ẹ̀rọ kan náà gan-an ni mo rí ní ìsọ̀ mẹ́ta pẹ̀lú orúkọ mẹ́ta ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ lára páálí. ₦145,000 ni mo san lórí rẹ̀ nínú oṣù Bélú tó kọjá, mo sì san ₦25,000 fún púlọ́ńbà tí ó so ó mọ́ páìpù. Oṣù mẹ́jọ ni a ti ń lò ó báyìí, mo sì rò pé mo ti mọ ìwà rẹ̀ tó láti sọ ibi tí ó gbé dára àti ibi tí ó kù sí.

Ìyá wa ni ó dá ọ̀rọ̀ náà sílẹ̀. Ọ̀fà ni wọ́n ń gbé, ṣùgbọ́n bí ọyẹ́ bá ti ń sún mọ́lé, ọ̀dọ̀ wa ní Tanke ni wọ́n máa ń wá títí tí ọyẹ́ yóò fi lọ, nítorí pé orúnkún wọn kò fẹ́ràn òtútù. Yàrá ìsàlẹ̀ ni wọ́n máa ń sùn. Wọn kì í fi omi tútù ṣe àlùwàlá Àsùbáà nígbà ọyẹ́, wọ́n sì máa ń fẹ́ wẹ̀ kí wọ́n tó kírun. Ní òwúrọ̀ ọjọ́ kejì tí wọ́n dé, wọ́n pè mí wọ balùwẹ̀, wọ́n ṣí ẹnu ẹ̀rọ omi gbígbóná, wọ́n sì ní: “Ìyá Rùkáyà, wo omi yìí dáadáa. Ṣé bí ọmọdé tí ojú ń tì ṣe ń tọ̀ kọ́ ni ó ń ṣe yìí?”

Pọ́ǹpù ni ó kọ́kọ́ wá sí mi lọ́kàn, torí pé ó ti pẹ́ tí àwa tí a ń gbé òkè ilé náà ti ń fara da ṣáwà tí kì í rọ̀ ju ìrì lọ. Mo pe púlọ́ńbà tí ó máa ń bá wa ṣiṣẹ́, ọkùnrin àgbà kan tí ó ti ń so páìpù ní Tanke láti ìgbà tí ilé kò tíì pọ̀ níbẹ̀ tó báyìí, mo sì sọ fún un pé kí ó bá mi lọ sí ìsọ̀ lọ́jọ́ náà. Ó kọ̀. Ó ní, “Mà, ẹ jẹ́ ká kọ́kọ́ wo ohun tí ó ń dí omi lọ́wọ́. Pọ́ǹpù kì í ti omi gba ojú ihò tí ó ti dí.”

Ohun tí ó ṣe lẹ́yìn náà kò gbà ju ìṣẹ́jú mẹ́wàá lọ, ṣùgbọ́n òun ni ó ṣe pàtàkì jù nínú gbogbo ohun tí mo ní láti sọ nípa omi tí kò lágbára. Ó ṣí omi tútù nínú balùwẹ̀ ìsàlẹ̀ kan náà, omi sì tú jáde bí ó ti yẹ. Ó pa á, ó ṣí omi gbígbóná, omi sì tún padà di ti ọmọdé tí ojú ń tì. Tánkì kan náà ni ó ń fún àwọn méjèèjì lómi, gíga kan náà ni wọ́n wà. Bí ọ̀kan bá lágbára tí èkejì kò lágbára, a jẹ́ pé ẹ̀yìn ibi tí wọ́n ti pínyà ni ìdènà wà, ìyẹn ní ara hítà. Ó pa iná hítà láti ibi súìṣì ara ògiri, ó ti fáfù tí omi ń gbà wọlé sínú rẹ̀, ó sì tú páìpù rírọ̀ tí ó so ó pọ̀. Nínú orí páìpù náà ni ajọ̀ kékeré kan wà tí ó yẹ kí ó máa gba ìdọ̀tí dúró. Ó ti gbà á dúró lóòótọ́: amọ̀ pupa ni ó kún inú rẹ̀ bámúbámú. Omi kànga ẹ̀rọ wa ní irin nínú. Bí ó bá ti jáde láti abẹ́ ilẹ̀ tí ó pàdé afẹ́fẹ́, irin náà a di pupa, a sì máa rọ̀ sílẹ̀ sínú tánkì àti sínú páìpù bí ìpẹtà. Yàtọ̀ sí èyí, ẹnì kan tí ó ti tún hítà náà ṣe rí kò ṣí fáfù rẹ̀ tán. Ìdajì ni ó ṣí i kí ó tó lọ. Púlọ́ńbà fọ ajọ̀, ó ṣí fáfù dé ìparí, ó dá gbogbo rẹ̀ padà sí ààyè rẹ̀, ó sì gba ₦5,000. Láti ọjọ́ náà, Ìyá kò tún ṣàròyé nípa omi mọ́, a kò sì tíì ra pọ́ǹpù kankan. Ẹni tí ó bá ń ka ìwé yìí tí omi gbígbóná nìkan ni kò lágbára ní ilé rẹ̀ lè dúró níbí, kí ó lọ fọ ajọ̀ hítà rẹ̀, kí ó sì fi ₦145,000 rẹ̀ ra nǹkan mìíràn.

Ọ̀rọ̀ òkè ilé yàtọ̀. Níbẹ̀, àti omi tútù àti omi gbígbóná ni kò lágbára. Mo ti kọ́ àwọn ọmọ ilé ìwé girama ní ẹ̀kọ́ físíìsì fún ọ̀pọ̀ ọdún, nítorí náà mo mú tépù tí a fi ń wọn nǹkan, mo sì ṣe ìṣirò náà fúnra mi. Gbogbo mítà 10 tí omi bá fi ga ju ẹnu ẹ̀rọ lọ ni ó ń fún un ní agbára tí ó fẹ́rẹ̀ẹ́ tó bar 1 (bar ni òṣùwọ̀n tí a fi ń mọ bí omi tàbí afẹ́fẹ́ ṣe ń ti nǹkan tó). Mítà kan ṣoṣo kò fún un ju 0.1 bar lọ. Ìdí tánkì wa ga ní mítà 6 láti ilẹ̀, orí ṣáwà òkè sì ga ní mítà 5.3. Bí tánkì bá ti fẹ́ gbẹ, sẹ̀ǹtímítà 70 péré ni omi fi ga ju ṣáwà lọ, agbára rẹ̀ kò sì tó 0.1 bar. Bí tánkì bá tilẹ̀ kún dé ẹnu, 0.2 bar ni ó máa tó. Hítà tí ó wà ní òkè sì jẹ́ irú èyí tí kì í kó omi pamọ́, tí ó jẹ́ pé bí omi bá ti ń kọjá nínú rẹ̀ ni ó ń gbóná. Ìwé tí ó bá a wá sọ pé omi tí yóò wọ inú rẹ̀ kò gbọdọ̀ dín sí 0.3 bar, nítorí pé omi gbọ́dọ̀ ti nǹkan kan nínú rẹ̀ kí iná tó lè dé ara wáyà tí ń gbóná. Ètò ààbò ni èyí, kí wáyà náà má baà gbóná lórí òfìfo kí ó sì jó. Nítorí náà hítà wa kò bàjẹ́ rárá ní gbogbo ọdún tí a fi ń bú u. Òfin tí wọ́n fún un ni ó ń tẹ̀lé.

Ọ̀nà méjì ni ó kù: kí a gbé tánkì ga sí i, tàbí kí a ra pọ́ǹpù. Oníṣẹ́ irin tí mo pè nípa òpó tánkì sọ owó tí ó fẹ́rẹ̀ẹ́ tó ìlọ́po mẹ́ta owó pọ́ǹpù. Bí mo bá ní owó náà lọ́wọ́ lọ́jọ́ náà, òpó ni ǹ bá ṣe, nítorí pé gíga kì í lo iná, kì í pariwo, kì í sì í bàjẹ́. N kò ní in.

Ìsọ̀ tí a ti rà á wà ní agbègbè Taiwo, níbi tí àwọn tí ń ta páìpù àti tánkì pọ̀ sí. Ọ̀dọ́mọkùnrin tí ó dá wa lóhùn tẹnu mọ́ ọn pé kí n ra èyí tí ó ní agbára ẹṣin kan odidi. Ó ń sọ pé, “Mọ̀mí, ńlá ni kí ẹ rà, kékeré yìí ò ní wù yín.” Púlọ́ńbà mi wulẹ̀ mi orí ni. Fún ṣáwà kan, ẹnu ẹ̀rọ ọwọ́ kan àti ilé ìgbọ̀nsẹ̀ kan, ìdajì agbára ẹṣin tó, ó sì kù. Mo ka ohun tí wọ́n kọ sí ara pọ́ǹpù náà: pé ó lè ti omi gòkè dé mítà 35, àti pé ó lè ti lítà 35 jáde ní ìṣẹ́jú kan. Ọ̀pọ̀ ènìyàn tí mo bá sọ̀rọ̀ ni ó rò pé ìgbà kan náà ni yóò ṣe méjèèjì, bẹ́ẹ̀ sì kọ́. Bí omi bá ti gòkè dé mítà 35 náà, kò sí ẹ̀kán omi kan tí yóò jáde mọ́. Bí ó bá sì ń ti lítà 35 jáde ní ìṣẹ́jú kan, a jẹ́ pé kò gbé e ga rárá. Iṣẹ́ gidi wà láàárín méjèèjì. N kò rí olùtajà kan tí ó ṣàlàyé èyí fún mi, bẹ́ẹ̀ ni n kò rí èyí tí ó sọ fún mi pé afẹ́fẹ́ wà nínú àgbá pupa náà, pé afẹ́fẹ́ yìí lè tán, àti pé ẹni tí ó rà á ni yóò máa yẹ̀ ẹ́ wò. Mo bínú sí ìsọ̀ náà nítorí èyí. Wọ́n tan pọ́ǹpù náà níṣojú mi nínú korobá omi kan, wọ́n kọ rìsíìtì, wọ́n sì kọ ọ́ sí ìsàlẹ̀ rìsíìtì pé ọjà tí a bá ti gbé jáde kò ṣeé dá padà. Káàdì wáráǹtì wà nínú páálí, ṣùgbọ́n kò sí ẹni tí ó buwọ́ lù ú.

Bí a ṣe so ó: láti ìdí tánkì, páìpù wọ inú pọ́ǹpù, ó ti inú pọ́ǹpù kọjá sí ẹ̀gbẹ́ àgbá pupa, ó sì gòkè lọ. Púlọ́ńbà tún fi ọ̀nà ẹ̀gbẹ́ kan sí i, tí ó ní fáfù tí kì í jẹ́ kí omi padà sẹ́yìn, kí omi tánkì lè máa gba ibẹ̀ kọjá fúnra rẹ̀ nígbà tí iná kò bá sí. Ó gba ₦8,000 lé ìyẹn, ó sì tọ́ bẹ́ẹ̀, nítorí pé ilé tí kò ní ọ̀nà ẹ̀gbẹ́ yìí yóò máa fi inú pọ́ǹpù tí ó ti kú fa omi, èyí tí ó wọ́n ju omi tí a ń bú tẹ́lẹ̀ lọ. Mo ti rí ilé méjì ní àdúgbò wa tí wọ́n ṣe é láìsí i.

Súìṣì rẹ̀ ti ní ètò láti ilé iṣẹ́: bí agbára omi nínú páìpù bá lọ sílẹ̀ dé 1.4 bar, pọ́ǹpù a ṣiṣẹ́. Bí ó bá gòkè dé 2.8 bar, a dákẹ́. Láàárín méjèèjì, àgbá pupa ni ó ń ti omi. Awọ rọ́bà kan pín inú rẹ̀ sí méjì, afẹ́fẹ́ wà ní apá kan, omi ń wọ apá kejì. Bí omi bá ti ń wọlé, afẹ́fẹ́ a sún kì, bí a bá sì ṣí ẹnu ẹ̀rọ, afẹ́fẹ́ náà a ti omi jáde. Nínú lítà 24 yẹn, bíi lítà 8 ni a lè fà kí pọ́ǹpù tó tún dìde. Ìyẹn ni pé ènìyàn lè fọ ọwọ́ lẹ́ẹ̀mẹ́ta kí ẹ̀rọ má tilẹ̀ mọ̀. Mo gbóríyìn fún wọn lórí èyí, nítorí pé àwọn pọ́ǹpù tí ó rọ̀jù ní owó kì í ní àgbá, wọ́n sì máa ń ké gbàjarè nígbàkigbà tí ẹnì kan bá ṣí omi mu.

Ní ti iṣẹ́ tí mo torí rẹ̀ rà á, ó ṣe é. Kí a tó rà á, mo ti gbé korobá lítà 10 sábẹ́ ṣáwà òkè, ó sì fẹ́rẹ̀ẹ́ gbà á ní ìṣẹ́jú 5 kí ó tó kún. Lẹ́yìn tí a so ó tán, korobá kan náà kún ní nǹkan bí ìṣẹ́jú kan àti díẹ̀. Iná hítà tàn. Gbogbo wa yọ̀. Lẹ́yìn náà ni ọkọ mi jáde láti balùwẹ̀ tí ó ní omi náà kò gbóná.

Òótọ́ ni, kò gbóná, pọ́ǹpù ni ó sì fà á. Agbára hítà náà jẹ́ kilowáàtì 5.5, kò sì lè ju bẹ́ẹ̀ lọ. Bí omi bá ń gba inú rẹ̀ kọjá ní lítà 8 ní ìṣẹ́jú kan, kò lè fi ju nǹkan bíi ìwọ̀n Sẹ́líṣíọ́sì 10 kún gbígbóná rẹ̀. Bí ó bá jẹ́ lítà 4, yóò fi nǹkan bí 20 kún un. Omi tánkì wa ní òwúrọ̀ ọyẹ́ wà ní nǹkan bíi 22, nítorí náà lítà 8 ń mú un dé 32, èyí tí awọ ara ń kà sí òtútù, nígbà tí lítà 4 ń mú un dé 42, èyí tí ó dùn ún wẹ̀. A wá rọra ti fáfù ẹnu hítà títí tí korobá lítà 10 fi ń kún ní ìṣẹ́jú méjì àbọ̀. Ìdajì ohun tí pọ́ǹpù yìí lè ṣe ni a ń lò, a sì ní láti dá a dúró lọ́nà kí ó má baà ṣe jù. Bí mo bá mọ èyí tẹ́lẹ̀, ǹ bá wá ẹ̀rọ kékeré tí a máa ń so mọ́ ara páìpù, tí wáàtì rẹ̀ kò ju 100 sí 120 lọ, tí kò sì ní àgbá. Kò ní fi ju bar kan lọ kún agbára omi, ohun tí hítà wa sì nílò kò tó bẹ́ẹ̀.

Ọ̀rọ̀ iná tún wà níbẹ̀. Bí iná bá dé pẹ̀lú fólítì 180 dípò 230, hítà kilowáàtì 5.5 kò ní fún wa ju nǹkan bíi 3.4 lọ, pọ́ǹpù náà a sì máa kùn láìgbéra, ara rẹ̀ a sì gbóná. Lẹ́yìn ìgbà tí mo ti fọwọ́ kan án lẹ́ẹ̀kan tí mo sì yára fà á padà, a fi sitabiláísà sí i. Ìwé pọ́ǹpù kò sọ nǹkan kan nípa èyí.

Ní nǹkan bí ọ̀sẹ̀ karùn-ún, ní ìparí oṣù Ọ̀pẹ, nígbà tí ọyẹ́ mú gan-an, pọ́ǹpù bẹ̀rẹ̀ sí í ṣe ohun tí ó yà mí lẹ́nu. Bí ẹnì kan bá ṣí omi, a tàn, a kú, a tàn, a kú, ní ìṣẹ́jú-àáyá méjì méjì, abẹ́rẹ́ gééjì a sì máa fò láàárín 1.4 àti 2.8 bí ìrù aláǹgbá tí ó já. Omi ṣáwà ń tẹ̀lé e: ó gbóná, ó tutù, ó gbóná. Ìyá gbọ́ ariwo náà láti ìsàlẹ̀ ní àfẹ̀mọ́jú, wọ́n sì bèèrè bóyá ẹnì kan ń gúnyán.

Ní ọ̀sẹ̀ kan náà ni ẹ̀gbọ́n mi ọkùnrin tí ń gbé ní Leeds pè wá lórí fóònù tí a fi ń rí ojú ara wa, tí òun náà sì ń kérora nípa bọ́ílà rẹ̀. Ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, bọ́ílà kan ni ó ń mú omi gbóná, tí omi náà sì ń yí po nínú páìpù àti nínú àwọn pátákó irin ara ògiri láti mú gbogbo ilé móoru. Omi kan náà ni ó ń yí po ṣáá, a ti dé e mọ́ inú páìpù, gééjì kan sì wà ní iwájú bọ́ílà tí ó yẹ kí ó wà láàárín bar 1 àti 1.5 nígbà tí omi bá tutù. Tirẹ̀ ti bọ́ sí 0.4, bọ́ílà sì ti kọ̀ láti tan iná. Ó fi hàn mí bí òun ṣe ń dá a padà: ó pa bọ́ílà, ó dúró kí ó tutù, ó sì ṣí fáfù kékeré méjì tí ó wà ní etí páìpù rírọ̀ kan lábẹ́ rẹ̀, kí omi ẹ̀rọ lè wọlé díẹ̀díẹ̀ títí tí abẹ́rẹ́ fi dé 1.3, ó sì tì wọ́n padà. Ó ní ẹ̀ẹ̀kẹta nìyí láàárín ọ̀sẹ̀ mẹ́ta. Mo sọ fún un pé omi kì í fẹsẹ̀ rìn kúrò nínú irin. Bí ó bá ń fi omi kún un léraléra, ó ń jáde níbì kan. Ó wo abẹ́ gbogbo pátákó irin, ibẹ̀ gbẹ. Ṣùgbọ́n ní ìta ilé, ní ẹnu páìpù bàbà kékeré tí ó yọrí láti ara ògiri, ilẹ̀ tutù.

Ẹni tí ó wá tún un ṣe, tí orúkọ rẹ̀ wà nínú Gas Safe Register, ìyẹn ìwé orúkọ àwọn tí a gbà láàyè láti máa tún ẹ̀rọ gáàsì ṣe, gẹ́gẹ́ bí òfin ibẹ̀ ti wí fún ẹnikẹ́ni tí ń fọwọ́ kan ẹ̀rọ gáàsì, ṣàlàyé fún un pé àgbá pupa kan náà wà nínú bọ́ílà, afẹ́fẹ́ rẹ̀ ni ó sì ti tán. Bí omi bá gbóná láti ìwọ̀n 10 dé 80, ó ń wú ní nǹkan bí ìdá 3 nínú 100. Bí lítà 100 bá wà nínú páìpù, ó ń wá àyè fún lítà 3 tí ó lé. Afẹ́fẹ́ inú àgbá ni ó yẹ kí ó sún fún un. Bí afẹ́fẹ́ kò bá sí, agbára omi a fò kọjá bar 3, fáfù ààbò a ṣí, a da omi náà síta, bí ilé bá sì tún tutù, gééjì a bọ́ sílẹ̀ ju ti tẹ́lẹ̀ lọ. Bí ẹ̀gbọ́n mi ti sọ èyí fún mi tán ni mo dìde láti lọ wo àgbá tiwa.

Ní ẹ̀yìn àgbá náà ni ìdérí dúdú kékeré kan wà, abẹ́ rẹ̀ ni ẹnu afẹ́fẹ́ wà, irú ti táyà mọ́tò gan-an. Mo fi orí bírò tẹ abẹ́rẹ́ inú rẹ̀. Bí omi bá jáde, a jẹ́ pé rọ́bà inú rẹ̀ ti ya, ẹ̀rọ náà sì nílò rọ́bà tuntun. Afẹ́fẹ́ nìkan ni ó jáde, ó sì rọ bí ìmí ẹni tí ó ti sùn. Mo pa pọ́ǹpù, mo ti fáfù tánkì, mo ṣí ẹnu ẹ̀rọ ìsàlẹ̀ títí tí gééjì fi dé òdo, nítorí pé tí omi bá ṣì ń ti rọ́bà láti apá kejì, irọ́ ni gééjì afẹ́fẹ́ yóò máa pa. Lẹ́yìn náà mo rán ọmọ mi sí fọkanáísà tí ó wà ní oríta wa. Kò tíì rí irú rẹ̀ rí, ṣùgbọ́n ó gbé ẹ̀rọ afẹ́fẹ́ kékeré tí a ń fi ẹsẹ̀ tẹ̀ wá, pẹ̀lú gééjì rẹ̀. Psi 6 ni ó bá nínú rẹ̀; psi ni òṣùwọ̀n tí wọ́n fi ń wọn afẹ́fẹ́ táyà. Mo ní, “Alfa, ẹ bá mi gbé e dé 18.” Ó wo ojú mi. “Mà, táyà kẹ̀kẹ́ ọmọdé pàápàá jù bẹ́ẹ̀ lọ.” Mo ṣàlàyé fún un pé 1.4 bar tí pọ́ǹpù fi ń dìde jẹ́ nǹkan bíi psi 20, afẹ́fẹ́ inú àgbá sì gbọ́dọ̀ fi díẹ̀ dín sí i. Ó gbé e dé 18, ó gba ₦500. A ṣí omi padà, a tan iná, pọ́ǹpù náà sì dìde lẹ́ẹ̀kan, ó dákẹ́, kò sì tún dún mọ́ títí a fi fa omi tí ó tó nǹkan bíi lítà 8.

Àléébù kan ṣì wà tí n kò lè dárí jì í. Bí tánkì bá gbẹ, pọ́ǹpù yìí kò mọ̀. A máa ṣiṣẹ́ lórí òfìfo títí tí rọ́bà tí kì í jẹ́ kí omi jò láti ìdí mọ́tò rẹ̀ yóò fi jó. Ó ṣẹlẹ̀ sí wa lẹ́ẹ̀kan nínú oṣù Ẹrẹ́nà, nígbà tí kànga ẹ̀rọ fà sẹ́yìn; Ọlọ́run ló bá wa ṣe é tí Rùkáyà gbóòórùn rẹ̀ tí ó sì pa á. A ti so súìṣì tí ń léfòó sínú tánkì báyìí, kí ó máa pa iná pọ́ǹpù bí omi bá lọ sílẹ̀. Ohun tí ó yẹ kí ó bá ẹ̀rọ wá nìyẹn. Ariwo rẹ̀ kò pọ̀ jù, ṣùgbọ́n bí a bá gbé e lé kọnkéré lásán, gbogbo ògiri ni yóò máa bá a sọ̀rọ̀. A gé táyà àtijọ́ sí abẹ́ rẹ̀.

Nítorí náà, fún ilé tí tánkì rẹ̀ kò ga ju ṣáwà lọ tó mítà 3, tí omi tútù àti gbígbóná kò lágbára lórí òkè, tí balùwẹ̀ sì tó méjì tàbí mẹ́ta, mo lè ní kí wọ́n ra pọ́ǹpù yìí, kí wọ́n sì béèrè fún ọ̀nà ẹ̀gbẹ́, sitabiláísà àti súìṣì tí ń léfòó ní ọjọ́ kan náà, torí pé láìsí wọn owó rẹ̀ kò tíì pé. Fún balùwẹ̀ kan ṣoṣo, ó ti tóbi jù. Nínú máàkì 5, mo fún pọ́ǹpù ní 3, mo fún ìsọ̀ tí ó tà á ní 1 àti ààbọ̀, púlọ́ńbà sì gba 5 láìkù kan, pàápàá fún ọjọ́ tí ó kọ̀ láti bá mi lọ sí ìsọ̀. Ní ọjọ́ Àbámẹ́ta tó kọjá, mo tún wọn afẹ́fẹ́ àgbá náà: psi 16 ni mo bá. Alfa ń bọ̀ lọ́la.